Ṣé Kí Á Gé Kòkó Kí Á Gbin Igi Bébà?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti iṣu, kì í sì í ṣe ti àgbàdo. Ọ̀rọ̀ igi ni, ọ̀rọ̀ bébà sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè kan ló bí i. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìdó-Ilé, bàbá àgbàlagbà kan dìde, wọ́n ní: "Olùkọ́ àgbẹ̀, ọkùnrin kan wá bá wa. Ó ní kí á gé kòkó wa tó ti gbó, kí á gbin igi melínà sí ojú rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ bébà yóò máa fi ọkọ̀ wá kó o nínú oko, owó rẹ̀ yóò sì ju owó kòkó lọ. Ó ní kí olúkúlùkù wa san owó ìforúkọsílẹ̀. Ṣé kí á gbà?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

N kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú un wá sórí ètò yìí, nítorí mo mọ̀ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ìlú kan ṣoṣo. Ìdáhùn mi nìyí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ẹni tí yóò bá ta igi fún alásè bébà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí alásè bébà ń fi igi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ara wa. Bí ẹ bá fi eyín rún orín láàárọ̀, orí rẹ̀ á tú bíi búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó tú sílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe bébà. Kò sí igi tí kò ní in. Ohun tí fọ́nrán yẹn jẹ́ gan-an ni àwọn onímọ̀ ń pè ní cellulose, ó sì máa ń tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 5 ara igi tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n fọ́nrán kì í dá dúró nínú igi. Ohun kan wà tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń lẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ búlọ́ọ̀kù. Lignin ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí igi le, kí ó lè nàró tí ìjì kò fi ní í dá a. Nínú igi bíi melínà, ó tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 4. Fọ́nrán ni oníbébà ń wá, kò fẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ya àwọn méjèèjì. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n lọ igi náà bí a ṣe ń lọ àgbàdo. Fọ́nrán á ṣẹ́, lignin á sì kù sínú rẹ̀. Bébà irú èyí ni ti ìwé ìròyìn. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn fi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn: lignin inú rẹ̀ ló ń yí àwọ̀ padà. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi kẹ́míkà sè é títí lignin yóò fi yọ́ sínú omi, tí fọ́nrán nìkan yóò ṣẹ́kù. Fọ́nrán tó ti rọ̀, tó rí mùjẹ̀mùjẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é yìí, ni wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀pù.

Bí ọ̀rọ̀ kẹ́míkà bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ wo ilé ìdáná. Ìyá tó bá fẹ́ kí ẹ̀wà líle tètè rọ̀ a máa fi kán-ún sí i. Ẹ tún wo àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á sẹ́ ẹ. Omi eérú yẹn máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀rá tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kán-ún, omi eérú àti kọ́sítíìkì sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń rà lọ́jà, ìdílé kan náà ni wọ́n. Kọ́sítíìkì ló le jù nínú wọn, òun náà sì ni oníbébà fi ń se igi.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ bó èèpo igi kúrò. Ẹ̀rọ á gé igi náà wẹ́wẹ́, kí ó fẹ́ẹ̀rẹ́ tó èékánná àtàǹpàkò, kí ó sì fẹ́lẹ́, kí kẹ́míkà lè tètè wọ inú rẹ̀. Wọ́n á dà á sínú ìkòkò irin kan tó ga ju ilé alágbèékà lọ. Wọ́n á da kọ́sítíìkì sí i, pẹ̀lú kẹ́míkà kejì tí ń jẹ́ sodium sulphide. Wọ́n á dé ìkòkò náà pa, wọ́n á sì fi ooru mú un. Omi tí a ń sè nílé máa ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná. Ìkòkò yìí máa ń gbóná dé nǹkan bíi 170, nítorí pé kò sí ibi tí ooru lè bá jáde. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, igi á ti rọ̀, omi á sì ti dúdú bí omi aró. Wọ́n á fọ pọ́ọ̀pù náà mọ́. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi ti àpò sìmẹ́ǹtì. Bí bébà ìkọ̀wé ni wọ́n fẹ́, wọ́n á tún fi kẹ́míkà mìíràn sọ ọ́ di funfun.

Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Carl Dahl ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1879. Kraft ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Agbára ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lédè wọn, nítorí bébà rẹ̀ kì í tètè ya. Títí di òní, òun ni wọ́n ń lò jù lọ káàkiri àgbáyé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó kan àpò yín. Nínú igi gbígbẹ 100 kílò, pọ́ọ̀pù tí yóò jáde kì í ju 45 sí 50 kílò lọ. Gbogbo ìyókù ti yọ́ sínú omi dúdú. Oníbébà tó gbọ́n kì í da omi dúdú yìí nù. Á sè é títí yóò fi ki, á sì sun ún nínú ààrò ńlá kan. Lignin inú rẹ̀ á jó bí igi ìdáná, ooru rẹ̀ á máa wa ẹ̀rọ. Kẹ́míkà á ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ààrò. Wọ́n á fi láìmù tún un ṣe, wọ́n á sì tún fi se igi mìíràn. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní ààrò yìí yóò máa ra kẹ́míkà tuntun lójoojúmọ́. Èyí tó burú jù ni pé inú odò ni yóò máa da omi dúdú sí. Ẹja á kú, ẹran ọ̀sìn kò ní í lè mu omi náà, ènìyàn kò sì ní í lè mu ún.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ bébà kì í ṣe ilé ìlọgàárì tí ẹgbẹ́ kan lè dá owó jọ kọ́ sí ẹ̀yìnkùnlé. Ìkòkò rẹ̀ tóbi, ààrò rẹ̀ wọ́n, omi tó ń mu sì pọ̀ púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ dá kékeré sílẹ̀ létí odò yín, ẹ bi í pé: "Níbo ni omi dúdú ń lọ?" Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ sìn ín dé ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi kọ́sítíìkì dán irú rẹ̀ wò nílé. Ó ń jó ẹran ara, ó sì ń fọ́jú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ igi náà fúnra rẹ̀. Melínà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti India àti Burma ni ó ti wá, gmelina sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó ń yára dàgbà: ní ọdún 8 sí 10, ó ti tó gé fún bébà. Ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ kúrú. Kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ, nígbà tí ti igi páìnì, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ òtútù, máa ń tó mìlímítà 3. Gbogbo wa la mọ̀ pé okùn tí a fi fọ́nrán kúkúkúrú lọ́ kì í di ẹrù wúwo. Pọ́ọ̀pù melínà dára fún bébà ìkọ̀wé àti fún tíṣù, nítorí ó máa ń dán, ó sì máa ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ṣe bébà tó le, wọ́n ní láti po pọ́ọ̀pù páìnì mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Ilé iṣẹ́ bébà ńlá mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ lé. Ti Jẹ́bà, létí odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní 1969. Bébà líle fún àpò àti páálí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ṣí ti Oku-Iboku, ní ibi tí a mọ̀ sí ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, ní 1986, fún bébà ìwé ìròyìn. Ẹ̀kẹta ni ti Ìwopin, létí ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n gbèrò láti àwọn ọdún 1970 fún bébà ìkọ̀wé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi omi ńlá ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn sí. Nítorí Ìwopin ni wọ́n ṣe gbin melínà lọ rẹrẹ sínú igbó ìjọba ní Ọmọ́, ní agbègbè J4. Wọ́n sì gbìn ín sínú igbó ìjọba Olúwà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó pẹ̀lú.

Igi dàgbà. Ìkòkò ni kò hó. Láti 1986 ni náírà ti ń já wálẹ̀. Pọ́ọ̀pù páìnì, kẹ́míkà àti ohun èlò ẹ̀rọ, owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Iná mànàmáná kò dúró, epo wọ́n. Ti Ìwopin kò di ohun tí wọ́n gbèrò rí, iṣẹ́ àwọn méjì yòókù sì dákú. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba àpapọ̀ tà wọ́n fún àwọn aládàáni. Melínà tí wọ́n tìtorí bébà gbìn ní Ọmọ́ sì di ohun tí àwọn onípákó ń là. Lónìí, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ bébà tí a ń lò ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe páálí àti tíṣù níbí, páálí àlòkù àti bébà àlòkù ni wọ́n ń sè. Wọn kì í se igi tútù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò kọ́ ọ nínú ìwé nìkan. Ní 1988, mo ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wá bá bàbá mi pé oníbébà ń bọ̀ wá ra melínà. Bàbá mi gé obì tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀, wọ́n sì gbin melínà sí éékà 2. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la fi orí ru ọmọ igi náà láti ọ̀nà. Igi náà ṣe dáadáa. Nígbà tí ó pé ọdún 10, ó ti ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Bàbá mi ro ojú ọ̀nà oko kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Ọkọ̀ kò dé. Ní ọdún kejì, wọ́n tún un ro. Ọkọ̀ kò dé. Wọ́n ro ọ̀nà náà fún ọdún 3 gbáko.

Ní 2001, owó ilé-ìwé mi dé bá wọn lójijì. Wọ́n ta gbogbo igi náà lórí ìdúró fún oníṣòwò pákó kan. Wọn kò kà á, wọn kò sì wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin náà san ìdajì owó, ó gé igi, ó kó o lọ, a kò sì rí i mọ́. Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí tán ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí ó san kò tó owó igi 40 nínú wọn.

Ṣùgbọ́n melínà kì í kú bí a bá gé e. Kùkùté rẹ̀ hù. A dá èéhù méjì méjì sí lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, a gé ìyókù dànù. Ọdún kẹsàn-án pé, lọ́tẹ̀ yìí a ka igi, a fi tépù wọn ìbú rẹ̀, a pe onílé ìlagi wá sóko, a sì là á ní pákó fúnra wa. Iye tí a rí nínú rẹ̀ ló kan òrùlé ilé tí bàbá mi ń gbé. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹni tí kò sí la gbìn ín fún. Lẹ́ẹ̀kejì, a mọ ẹni tí a fẹ́ tà á fún, a sì mọ iye tí a ní. Àwọn àgbà ní àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì. Ẹni tó gbójú lé ìkòkò tí kò tíì hó náà kò yàtọ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé: "Bí ilé iṣẹ́ tuntun bá wá dìde ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣírò ó. Melínà tútù, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ omi ni. Bí ọkọ̀ bá gbé tọ́ọ̀nù 25, omi ti mú bíi 12 nínú rẹ̀. Nínú ìyókù, ìdajì á lọ sínú omi dúdú. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 péré ni yóò di pọ́ọ̀pù. Ẹ rí i pé ẹni tó bá gbé igi bébà lọ sọ́nà jíjìn, omi ni ó ń san owó ọkọ̀ fún. Ìdí nìyí tí oníbébà kì í fi san owó gidi fún igi tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni owó àgbẹ̀ ṣe ń kéré tó.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe pọ́ọ̀pù 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, yóò nílò nǹkan bí ọkọ̀ igi 50 lójoojúmọ́. Éékà 1 melínà lórí ilẹ̀ tó dára lè kún nǹkan bí ọkọ̀ 3 lẹ́yìn ọdún 10. Ilé iṣẹ́ náà yóò máa jẹ bí éékà 17 lójúmọ́. Bí ó bá máa ṣiṣẹ́ láìdúró, nǹkan bí éékà 60,000 ni ó gbọ́dọ̀ gbìn yí ara rẹ̀ ká. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ wa tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 40. Bí olúkúlùkù bá gbin éékà 2, éékà 80 ni. Ohun tí a fi ọdún 10 tọ́, ìkòkò á jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ 5 tó pé. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í bẹ àgbẹ̀ kékeré. Òun ló máa ń dá iye owó fún un.

Kódà owó ńlá kì í bá ilẹ̀ jà kí ó borí. Ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Daniel Ludwig, ra ilẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu létí odò Jari ní Brazil ní 1967, ó sì gbin melínà sí i. Wọ́n kan ilé iṣẹ́ pọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Japan, wọ́n sì fi omi gbé e léfòó dé Brazil ní 1978. Melínà ṣe dáadáa níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, ṣùgbọ́n ó ràn lórí ilẹ̀ oníyanrìn. Ní 1982, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Brazil. Páìnì àti yukalípítọ́ọ̀sì ni wọ́n gbájú mọ́ níbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Lónìí, Brazil ló ń ta pọ́ọ̀pù sí ilẹ̀ òkèèrè jù ní àgbáyé, igi yukalípítọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Igi tí ilẹ̀ wọn gbà ni wọ́n gbìn, ìtòsí ìkòkò ni wọ́n sì gbìn ín sí. Àwa tí a wà lórí òkè olókùúta láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìdó-Ilé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ yìí lò. Ibi tí àpáta bá sún mọ́ òkè ilẹ̀, tàbí tí omi ń dá gún sí, kì í ṣe ibùgbé melínà.

Nítorí náà, bàbá wa ní Ìdó-Ilé, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí.

Èkínní: ẹ má san owó ìforúkọsílẹ̀ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ra igi ló yẹ kí ó mú owó wá. Ẹ bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni ìkòkò wà, ṣé ó sì ń hó lọ́wọ́lọ́wọ́? Èló ni tọ́ọ̀nù kan létí ọ̀nà yín? Ta ni yóò san owó ìgégi àti ti ọkọ̀? Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé? Ẹ rán ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Èkejì: ẹ má gé kòkó yín nítorí melínà. Kòkó ń so lọ́dọọdún, melínà di ọdún 8 sí 10 kí ó tó mú owó wá. Kí ni ẹ ó máa jẹ láàárín? Kòkó tó gbó ní àtúnṣe. Ẹ lè gé e rẹ́lẹ̀ kí ó hu èéhù tuntun láti ìdí, tàbí kí ẹ máa fi ọmọ kòkó tuntun rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, apá kan lọ́dún kan. Ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nílùú Ìbàdàn ní irú kòkó tó dára. Ẹ bá olùkọ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ yín sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá ní ilẹ̀ ìgbórò tí ilẹ̀ rẹ̀ jìn, ẹ lè gbin melínà, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín fún pákó, fún òpó ìkọ́lé àti fún igi ìdáná. Ọjà àwọn wọ̀nyí wà nítòsí wa. Ẹ ṣa èso rẹ̀ tó pọ́n tó já bọ́, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ kóró rẹ̀ sómi fún ọjọ́ 1 kí ẹ tó gbìn ín sí ọgbà ọmọ igi. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ sóko, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sáàárín igi kan sí èkejì. Nǹkan bí igi 435 ni yóò gba éékà 1. Ẹ lè gbin àgbàdo àti iṣu sáàárín rẹ̀ ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kí òjìji rẹ̀ tó bo ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ ewúrẹ́ àti màlúù, nítorí wọ́n fẹ́ràn ewé rẹ̀. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko yí i ká nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ nítorí iná. Ẹ má sì gbìn ín sún mọ́ kòkó, kí ó má bàa bá a du omi àti oòrùn. Ẹ tún rántí pé pákó rẹ̀ kò lè dúró de ikán bíi ti tíìkì bí ó bá kan ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ìní. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá a ni, ẹ gba àṣẹ onílẹ̀ kí ẹ tó gbin igi, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Igi ọdún 10 lè pẹ́ ju ọ̀rẹ́ méjì lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má ta igi lórí ìdúró láìkà á. Ẹ ka igi, ẹ fi tépù wọn ìbú rẹ̀ níbi tí àyà ènìyàn mọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ béèrè iye pákó lọ́wọ́ onílé ìlagi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgégi ní ọ́fíìsì àwọn onígbó. Kí owó sì pé lọ́wọ́ akápò kí igi tó kúrò lóko. Ẹ jọ tà á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí ìkòkò bébà hó nítòsí wa, tí ó ní ààrò tó ń sun omi dúdú rẹ̀, tí ó sì ń san owó tó tọ́, igi yín á ti wà ní ìdúró, ẹ ó sì lè yan ẹni tí ẹ máa tà á fún. Bí kò bá sì dé, pákó á jáde, òpó á jáde, kòkó yín á sì tún wà lóko.

Bàbá mi ti dàgbà báyìí, wọn kò lè lọ sóko mọ́. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n a máa bi mí pé: "Ṣé wọ́n ti ro ọ̀nà oko yẹn?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé a ti ro ó. Ṣùgbọ́n nítorí kòkó tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kejì la ṣe ń ro ó, kí alùpùpù lè gbé e jáde. Ẹ̀yin náà, ẹ má ro ọ̀nà fún ọkọ̀ tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa, tàbí kí ó dá mi dúró lọ́nà bí mo bá ń kọjá lórí alùpùpù mi.